Àwọn Tí Ajarat Jẹ Lówó

Ìkòsí, Kétu, Èkó
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Elkanah àbúrò mi,

Mo kí ẹ, mo kí òtútù tó wà lọ́rùn ẹ. Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó o ráyè jẹun níbi iṣẹ́? Ara wa le níbí. Àpò ti wọ́n, tòmátì náà ti wọ́n. Ìyẹn dára fún èmi tí mò ń ta àpò àti apẹ̀rẹ̀, kò dára fún èmi tí mò ń se ọbẹ̀. Fikáyọ̀ ọmọ mi ló ń fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ẹ. Má fi ohùn dá mi lóhùn o. Bí ohùn ẹ bá ti jáde nínú fóònù ní ìsọ̀ mi ní Mile 12, alábàárù, aláta, gbogbo wọn ló ń bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí wa, wọ́n á tún máa dá sí i. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí n jókòó kà á.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi, pé wọ́n fi ẹ́ sínú àwọn tó máa bá orílẹ̀-èdè kan tọrọ ìdáríjì gbèsè lọ́wọ́ àwọn báńkì ilẹ̀ òkèèrè, n ò lè pa á mọ́ra. Mo lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. N ò náwó ìnákúnàá, iṣu díẹ̀ àti páálí ohun mímu kan ni mo gbé lọ. Pásítọ̀ gba gbohùngbohùn, wọ́n ní, "Arábìnrin Judith ní àbúrò kan ní London. Òun ló ń fi gbèsè ji àwọn èèyàn!" Gbogbo ìjọ hó yèè.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà mi. Ẹni tó jẹ báńkì, ẹni tó jẹ owó ilé, ẹni tó jẹ owó iná, wọ́n kó ìwé wá. Ìyá àgbà kan wá láti Ṣangisa, wọ́n mú ìwé owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ wọn dání. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Inú mi ń dùn.

Nínú gbogbo wọn, ti Ajarat ni kó o fi ṣáájú. O mọ̀ ọ́n, opó tó ń ta tàtàṣé àti tòmátì ní òdìkejì ìsọ̀ mi, tó máa ń di ata fún ẹ tó o bá wálé. Ọkọ̀ tó kó ẹrù rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà òkè Ọya, tòmátì inú rẹ̀ di omi kó tó dé Èkó. Ó jẹ Shittu, alágbàtà tó ń gba ẹrù láti òkè Ọya, ní mílíọ̀nù méjì náírà. Ó jẹ ilé ayánilówó kan ní Kétu ní mílíọ̀nù kan, ìsọ̀ rẹ̀ ló fi dúró. Ó jẹ èmi náà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún, owó àpò àti apẹ̀rẹ̀. Èmi ò jáfara ní tèmi. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé tòmátì ti jẹrà ni mo ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ wọ ọgbà mi, mo fi ṣéènì dè é mọ́ òpó. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìdí àwo, eegun ló máa bá.

Jọ̀ọ́, fi orúkọ Ajarat sí àwọn tí ẹ máa pa gbèsè wọn rẹ́. Mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀, kí ni ìyẹn lójú àwọn tó ń ka bílíọ̀nù? Wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan dín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí orí ẹ ń wú,
Judith


London
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Aunty mi,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìdúpẹ́. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo rẹ́rìn-ín títí obìnrin tó jókòó tì mí fi dìde lọ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà ni òógùn bò mí.

Ẹ jọ̀ọ́, Aunty, ẹ bá mi dá ìwé àwọn èèyàn padà. Owó yẹn kì í ṣe tèmi. Kọ́bọ̀ kan péré, n ò láṣẹ láti fi ji ẹnikẹ́ni. Alárinà lásán ni ilé iṣẹ́ wa. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ló jẹ ìjọba ilẹ̀ mìíràn lówó, ó jẹ báńkì, ó sì jẹ àwọn tó ra ìwé gbèsè rẹ̀ lọ́jà. Èlé ti gorí èlé débi pé owó tó yẹ kí wọ́n fi ra oògùn sí ọsibítù ni wọ́n fi ń san án. Àwa là ń bẹ àwọn olówó pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, kí wọ́n gé èlé, kí wọ́n fojú fo díẹ̀ nínú owó náà. Ẹ má bi mí ní orúkọ ibẹ̀ o, mo ti tọwọ́ bọ̀wé pé n ò ní sọ.

Ọ̀rọ̀ Ajarat dùn mí gan-an. Báńkì tí mò ń sọ yìí ò mọ̀ bóyá Mile 12 jẹ́ ọjà tàbí òkè. Àmọ́ mo lè fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ránṣẹ́ sí i láti àpò ara mi. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Àbúrò yín,
Elkanah


Ìkòsí, Kétu
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Elkanah,

O kú wàhálà alárinà. O dójú tì mí díẹ̀, àmọ́ mo ti gbé e mì. Mo dá gbogbo ìwé padà. Ìyá Ṣangisa wò mí, wọ́n ní, "Àbúrò yín mà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba nìkan ló ń fi gbèsè jì, kì í fi ji èèyàn?" Ìwọ náà rò ó wò. Nígbà tí wọ́n fi gbèsè ji Nàìjíríà lọ́jọ́sí, tí gbogbo rédíò ń pariwo ẹ̀, mo lọ ra búrẹ́dì lọ́jọ́ kejì kí n wo iye tó máa wálẹ̀. Iye tí mò ń rà á tẹ́lẹ̀ náà ni mo rà á.

Má fi owó kankan ránṣẹ́. Bó bá tẹ Ajarat lọ́wọ́ láàárọ̀, ọwọ́ Shittu ni yóò sùn. Shittu ti dógò tì í. O rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ajigbèsè nílé wa ní Ìpẹ́rù, tí olówó á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní jà, kò ní bú u, kò sì ní lọ, á kàn máa wò ó títí ìtìjú á fi mú un sanwó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Tí Ajarat bá ti ṣí ìsọ̀, Shittu á gbé àga rọ́bà síwájú ibẹ̀, á tẹ́ra sílẹ̀. Oníbàárà tó bá sún mọ́ ọn, á kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà: "Ẹ kú ọjà o! Owó mi lẹ fẹ́ rà yẹn." Ta ló máa ra ata níbẹ̀?

Ajarat náà ò gbẹ́nu dákẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá Shittu, bẹ́ ẹ bá máa jókòó, ẹ bá mi ṣa èyí tó ti rà kúrò nínú ata yìí, ọwọ́ yín dilẹ̀." Shittu ní, "Alágbàtà ni mí, n kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀." Ajarat ní, "Alágbàtà tí kì í dìde lórí àga!" Gbogbo ẹsẹ̀ ìsọ̀ wa rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ò sanwó o. Ilé ayánilówó ní bí òun ò bá rí owó nígbà tí oṣù Karùn-ún bá parí, ìsọ̀ di títà. Ọkọ rẹ̀ ló rà á fún un kó tó kú. Bí ìsọ̀ yẹn bá lọ, Ajarat ti kúrò ní Mile 12 nìyẹn, kò sì sí ibi tó mọ̀ mọ́. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún? Má fi òyìnbó bò mí lójú. Sọ ọ́ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Judith


London
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Aunty mi,

Ẹ kú ìnáwó ẹ̀mí lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo ń gbìyànjú láti sọ ọ́ láìsí òyìnbó.

Gbogbo olówó gbọ́dọ̀ jókòó sídìí tábìlì kan ṣoṣo. Béèyàn bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú á ní kí wọ́n kọ́kọ́ san tòun ná. Ajigbèsè náà á sọ gbogbo ohun tó jẹ àti gbogbo ohun tó ń wọlé fún un, kò ní fi nǹkan kan pamọ́. Bí ẹnì kan bá wá gé owó, gbogbo wọn ló máa gé e ní ìwọ̀n kan náà. Bí wọ́n bá sì san, kí ó kárí, kí ẹnì kan má gbà ṣáájú ẹnìkejì. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi ohun tí onígbèsè máa fi ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún un, torí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n máa rí gbà.

Ohun tó máa ń da gbogbo ẹ̀ rú ni ẹni tó bá ti sáré gba tirẹ̀. Àwọn kan wà níbí tí wọ́n máa ń fara pamọ́ títí gbogbo ayé á fi fojú fo owó, wọ́n á wá lọ gba àṣẹ kóòtù, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní orílẹ̀-èdè náà níbi tí wọ́n bá ti rí i. Igún là ń pè wọ́n. Aunty mi, ẹ má bínú sí mi, kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́gbà yín ń kọ́? Kẹ̀kẹ́ yẹn ló fi ń gbé ata lọ fún àwọn onílé ńlá ní Mágodò. Shittu kàn jókòó tì í ni. Ẹ̀yin lẹ gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ rò ó wò.
Elkanah


Ìkòsí, Kétu
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Elkanah,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ.

Èmi ni igún. Èmi tí mo gbé apẹ̀rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi le bí èèpo igi, tí mo fi owó rẹ̀ rán ẹ níwèé láti kíláàsì kìíní dé yunifásítì. Lónìí o jókòó síbi tútù, o ń fi mí wé ẹyẹ tó ń jẹ òkú. Owó àpò mi ni mo gbà, mi ò jalè. Kẹ̀kẹ́ wà lọ́gbà mi, ibẹ̀ náà ni yóò wà.

Igún ti fò lọ.

Judith


London
Ogúnjọ́, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Aunty mi àtàtà,

Ẹ kú Àjíǹde. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́. N ò pè yín ní igún, àmọ́ bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ náà, ó jọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi mi ni. Mo pe fóònù yín, ẹ ò gbé e; mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, Fikáyọ̀ ní ẹ ti rí i, ẹ ní kò sí èsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi. Èébú yín sàn fún mi ju kẹ́ ẹ dákẹ́ lọ.

Elkanah


London
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Aunty mi,

Mo tún dé. Ṣé ẹ wà dáadáa? Oṣù yìí ni wọ́n máa ta ìsọ̀ Ajarat, n ò sì gbọ́ nǹkan kan. Mo ti gbà pé kẹ́ ẹ máa bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mọ bó ṣe ń lọ. Ẹ̀mí mi ò balẹ̀ mọ́, bí mo bá ń bá àwọn onílé ìfowópamọ́ sọ̀rọ̀, ojú Ajarat ni mò ń rí.

Elkanah


Ìkòsí, Kétu
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Elkanah,

Ṣé o ti dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀? Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù.

Kọ́kọ́ gbọ́ kinní kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe nítorí tìẹ ni mo fi ṣe é. Mo lọ gba owó àpò lọ́wọ́ oníbàárà kan lẹ́bàá Mágodò, mo wá rí Ajarat lẹ́nu géètì. Apẹ̀rẹ̀ ata wà lórí rẹ̀, oòrùn ń pa á. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kó wọlé. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lẹ sítíkà ẹ́sítéètì mọ́, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ojú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá, ẹ lọ gbé mọ́tò yín wá ká lè dá yín mọ̀." Ajarat yí padà, ó rí mi. Ó kàn ní, "Ìyá Fikáyọ̀, ẹ kú oòrùn o."

Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti sùn lọ́jọ́ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí kò bá wọ Mágodò, kò ní rí owó. Bí kò bá rí owó, ìsọ̀ á lọ. Bí ìsọ̀ bá lọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún mi ti bá a lọ nìyẹn, ohun tó máa kù sí mi lọ́wọ́ ni kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti ń jò, tí n ò mọ̀ ọ́n wà. Mo ṣírò ẹ̀ lápá ọ̀tún, mo ṣírò ẹ̀ lápá òsì, òfò ni.

Ni mo bá se ìkọ́kọrẹ́. Mo fi ẹja sí i, mi ò ṣahun. Mo ránṣẹ́ pe Shittu, mo pe Adéṣẹ́gun mánéjà ilé ayánilówó, mo pe Ajarat. N ò sọ fún wọn pé ìpàdé ni. Mo ní kí wọ́n wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Ta ló ń kọ oúnjẹ lásìkò yìí?

Bí wọ́n ṣe rí ara wọn ni ojú Shittu yí padà. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fi oúnjẹ mú wa ni?"

Mo ní, "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ ẹ́ ná."

Nígbà tí wọ́n jẹ dé ìdajì, mo sọ ọ̀rọ̀ tó o kọ fún mi, pé ká jọ sọ ọ́ lójú kan náà. Shittu ní, "Ó dáa. Èmi ni tèmi pọ̀ jù, tèmi ni ká kọ́kọ́ san."

Mánéjà nu ẹnu. "Mummy, àwa ní ìwé lórí ìsọ̀. Tiwa ló ṣáájú. A kì í sì í fojú fo owó rárá."

Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo tú ṣéènì, mo wọ́ kẹ̀kẹ́ wá sáàárín wọn, òun àti gbogbo ekuru orí rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ gbà. Èmi ni mo kọ́kọ́ dá a padà. Ó kan yín."

Shittu fi ṣíbí sílẹ̀. "Ìyá Fikáyọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ kì í dá ṣéńjì padà?"

Ajarat bú sẹ́rìn-ín, ni mánéjà náà bá rẹ́rìn-ín, ìkọ́kọrẹ́ sì há a lọ́fun. Bí a ṣe ń gbá a lẹ́yìn, tí à ń fún un lómi, èmi kò mọ̀, ọ̀rọ̀ ti rọ̀.

Ajarat wá sọ gbogbo ohun tó ń wọlé fún un tó bá ní kẹ̀kẹ́, ó sọ ohun tó ń ná, ó sọ iye tó lè fi sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Shittu ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun yọ èrè tòun kúrò, torí tòmátì tó ti di omi, èrè kí ló tún kù lórí ẹ̀. Mánéjà lọ dúró sẹ́bàá kànga, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ó padà wá, ó ní wọn ò ní ta ìsọ̀, wọ́n dá èlé dúró, ọ̀sẹ̀ kan tí owó bá já ni àdéhùn já. A fẹnu kò pé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Ajarat á kó owó wá síwájú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó pín in bí owó oníkálukú ṣe tó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá gbà lẹ́yìn ẹnìkejì.

Sátidé àná la kọ́kọ́ pín in. Ìsọ̀ ń bẹ níbẹ̀ o. Mo sì ti ta àpò tuntun fún un. Owó lọ́wọ́ ni o, kì í ṣe àwìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹni tó o mọ ohun tó o pè é,
Judith


London
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Aunty mi,

Mo ka á, mo fò sókè, orí mi gbá àjà ilé. Ilé ibí kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Àwa ò tíì rí tiwa yanjú. Gbogbo olówó ti jókòó, ó ku báńkì kan tó kọ̀ tí kò wá. Lẹ́yìn gbogbo ìrìnkèrindò wa, wọ́n sún ìpàdé sí ọdún tó ń bọ̀. Àwọn olówó ibẹ̀ ò mọ onígbèsè lójú, onígbèsè náà ò mọ̀ wọ́n. Kò sí ẹnu géètì kankan tí wọ́n ti lè pàdé ara wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìkọ́kọrẹ́ fún ọ̀gá mi, ó ní kí n ṣe díẹ̀ wá sọ́fíìsì. Níbo ni mo ti fẹ́ rí iṣu ewùrà?

Ṣé Shittu ti gbé àga rẹ̀ kúrò báyìí?

Elkanah tí inú rẹ̀ ń dùn


Ìkòsí, Kétu
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025

Elkanah mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Má bínú pé mo pẹ́, ọjà ló gbé mi. Èyí tó o fi ránṣẹ́ fún Fikáyọ̀ dé, bàtà náà bá a mu, àmọ́ ìgbà mìíràn fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, ìlàjì iye yẹn la máa rà á ní Kétu.

O bi mí ní ọ̀rọ̀ Shittu. Shittu ò kúrò! Kò sẹ́ni tó tún dógò mọ́, owó ń wọlé fún un ní gbogbo Sátidé, síbẹ̀ bí Ajarat bá ti ṣí ìsọ̀, á ti jókòó. Nígbà tó yá, ó ń bá a ṣa ata. Nígbà tó tún yá, ó ń pe oníbàárà: "Ẹ yà síbí, tàtàṣé tó pupa bí èyí, ẹ ò lè rí i títí dé Ifákọ̀!" Ọkùnrin tó ti lé gbogbo wọn lọ tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé, "Ọ̀gá Shittu, kí lẹ tún ń ṣọ́?" Ó ní òun ń ṣọ́ owó òun. Mo ní, "Owó yín lẹ ra súyà fún lánàá?"

Òun náà ti sin ìyàwó rẹ̀ láti ọdún mélòó kan, kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tú ọ̀rọ̀ náà jáde lójú gbogbo wa. Ó fẹ́ fẹ́ Ajarat. Àwọn alábàárù pàtẹ́wọ́. Ajarat ò pàtẹ́wọ́. Ó ń di ata lọ ní tiẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì jẹ yín lówó. Bí mo bá gbà lónìí, gbogbo Mile 12 á ní Shittu ò rí owó rẹ̀ gbà, ló bá mú obìnrin dípò. N ò ní dé ilé ọkọ bí ìwọ̀fà. Ọjọ́ tí n ò bá jẹ ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ tún un sọ."

Shittu ní òun fi gbogbo èyí tó kù jì í lójú ẹsẹ̀. Ajarat ní, "Ìgbà yẹn lẹ tiẹ̀ wá rà mí tán."

Shittu sáré tọ̀ mí wá nínú ìsọ̀ mi, ó ní kí n gbà kí Ajarat kọ́kọ́ san tòun tán, kí gbèsè òun lè kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo ní rárá o, àdéhùn ni àdéhùn, ẹni kan ò ní gbà ṣáájú. Ó ní, "Ìyá Fikáyọ̀, owó kọ́ ni mò ń lé, ìyàwó ni mò ń lé!" Mo ní ìyàwó ò yọ tèmi kúrò.

Bí Ajarat ṣe ń san án yìí, ó ṣì máa gba oṣù mélòó kan kó tó san tán, ààwẹ̀ á sì ti dé, wọn kì í sáábà gbéyàwó nígbà ààwẹ̀. Kí ni àwọn báńkì ń ṣe bí olówó bá fẹ́ fẹ́ onígbèsè?

Judith


London
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025

Aunty mi,

Mo gbé ìbéèrè yín dé ọ̀dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò wa. Wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà. Nígbà tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni, wọ́n pa iṣẹ́ tì, wọ́n ń jiyàn ẹ̀ títí a fi jẹun ọ̀sán tán. Kò sí òfin kankan lórí ẹ̀.

Àmọ́ ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò sí rèé: bí Shittu nìkan bá fojú fo owó, Ajarat jàre, ó jọ rírà. Bí gbogbo olówó bá gé ìwọ̀n kan náà, lọ́jọ́ kan náà, kò sí orúkọ ẹnì kan nínú rẹ̀. Ìyẹn ni ìdáríjì gbèsè gidi. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ lè ṣe é. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ o, Aunty. Ṣé ẹ máa lè ṣe é?

Mo ti sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
Elkanah


Ìkòsí, Kétu
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kínní, ọdún 2026

Elkanah ọmọ ìyá mi,

A kú ọdún tuntun. Jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo gbèsè ló kù sílẹ̀. Tèmi níbẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà. Mo bá a sùn, mo bá a jí. Mo ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé bó bá relé ọkọ, abọ́ ogójì ẹgbẹ̀rún ni màá rà fún un. Bí n ò bá ra abọ́ mọ́, ogún ẹgbẹ̀rún péré ló jáde lára mi. Ìyẹn ò lè pa mí. Àpò tó ń rà lọ́wọ́ mi báyìí á dá a padà kí ọdún tó yípo. Nígbà tí mo ṣírò ẹ̀ débẹ̀ ni oorun gbé mi lọ.

Mánéjà ni mo bẹ̀rù. Mo gbé ìkọ́kọrẹ́ lọ bá a lọ́fíìsì, ó ní, "Mummy, ẹ má fi oúnjẹ yìí bẹ̀ mí mọ́, ó fẹ́ pa mí nígbà yẹn." Ó sì jẹ ẹ́. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó jẹ wọ́n ní Kétu lọ́dún tó kọjá, Ajarat nìkan ni kò já ọ̀sẹ̀ kan. Ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n gbà kí wọ́n ka èlé tó ti san kí ẹrù tó jẹrà mọ́ ojú owó. Ìyẹn gbé èyí tó kù kúrò pátápátá.

Sátidé àná, a pé sí iwájú ìsọ̀ Ajarat. Ó kó owó ọ̀sẹ̀ jáde bó ṣe máa ń ṣe, ó ń kà á. Mo ní, "Ajarat, dá a padà sápò. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ sọ̀rọ̀. A ti fi èyí tó kù jì ẹ́, bákan náà fún gbogbo wa. O ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó mọ́."

Ó wo mánéjà. Mánéjà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo èmi, ó ní, "Ẹ̀yin náà, Ìyá Fikáyọ̀?" Mo ní, "Èmi náà. Má jẹ́ kí n tún un sọ, ó ń dùn mí." Ó fi ìborùn bojú, ó sunkún díẹ̀, ẹ̀rín sì ń bá a jáde. Gbogbo ẹsẹ̀ ìsọ̀ kó ariwo sókè, alábàárù kan ju apẹ̀rẹ̀ sókè, apẹ̀rẹ̀ mi ni, mo ní kó má fọ́ ọ.

Shittu ti dìde dúró, ó ti wọ aṣọ ńlá láti àárọ̀. Ó la ẹnu. Ajarat na ọwọ́ sí i pé kó dúró ná. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún gèlè ṣe, ó ní:

"Ọ̀gá Shittu, ẹ lọ sílé. Láti oṣù Kẹta ọdún tó kọjá lẹ ti ń wá síbí torí owó. Ẹ lọ pe àwọn ẹbí yín, kẹ́ ẹ wá sí ilé bàbá mi. Ẹ wá tọrọ mi."

Àgbàlagbà yẹn ò mú fìlà, kò mú bàtà kejì. Ó sáré. A ń pè é pé kó padà wá mú bàtà, kò gbọ́. Ajarat yíjú sí obìnrin kan tó ti ń dúró láti ìgbà yẹn, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ̀yin fẹ́ ra mélòó?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Judith